Tiransifọ́mà Àtijọ́ Inú Yàrá Sáyẹ́ǹsì: Bí A Ṣe Lè Dán An Wò, Kí A sì Fún Un ní Iṣẹ́ Tuntun

Ìfura ni oògùn àgbà. Òwe yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga fi sọ́kàn bí a ti ń gbé ọ̀rọ̀ òní yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí ẹ̀rọ kan tí ó sábà máa ń wà ní ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá sáyẹ́ǹsì àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti pẹ́. Ó rí roboto, ó wúwo ju bí ojú ti rí i lọ, ọwọ́ ìyí ńlá kan wà ní orí rẹ̀, a sì kọ nọ́ńbà yí i ká láti òdo títí dé 270 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Eruku ti bò ó. Olùkọ́ tí ó gbà á wọlé ti fẹ̀yìn tì, ìwé tí ó bá a wá ti sọnù, ẹni tí ó wà níbẹ̀ nísinsìnyí kò sì mọ̀ bóyá ó kú tàbí ó yè.

Oríṣi ènìyàn méjì ni ó máa ń ṣi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mú. Ẹni kìn-ín-ní a ní irin àlòkù lásán ni, a sì wọ̀n ọ́n tà fún àwọn tí ń ra irin àti bàbà. Ẹni kejì a ki púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀, láti wò ó bóyá yóò ṣiṣẹ́. Ẹni kìn-ín-ní pàdánù ohun ìkọ́ni tí owó rẹ̀ kò kéré. Ẹni kejì lè pàdánù ẹ̀mí, yálà tirẹ̀ tàbí ti ọmọ ọlọ́mọ. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ọ̀nà kẹta wà: kí a mọ ẹ̀rọ náà, kí a dán an wò ní ipele-ipele, kí a sì fún un ní iṣẹ́ tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìhà gúúsù Èkìtì gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọdún 1977 ni a dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, nígbà tí Èkìtì ṣì wà nínú Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ti di yunifásítì báyìí, tí a fi orúkọ Bámidélé Olúmilúà pè, fún ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Iṣẹ́ títọ́ àwọn olùkọ́ni dàgbà ni ó bá wá sáyé. Olùkọ́ físíìsì tí ó bá jáde níbẹ̀, yálà ó dúró sí Ìkẹ́rẹ́, tàbí ó gba Ìsẹ̀ lọ, tàbí Èmùré, tàbí Ìlawẹ̀, mọ̀ pé bí kò bá sí ohun èlò, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni ẹ̀kọ́ nípa iná mànàmáná yóò dà. Ẹni tí ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀ kò gbọdọ̀ sọ èyí tí ó ní nù.

Ohun tí ẹ̀rọ náà jẹ́

Ní ọdún 1831 ni Michael Faraday, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wé wáyà méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́ òrùka irin kan. Ó rí i pé nígbàkígbà tí òun bá so bátìrì mọ́ wáyà kìn-ín-ní, tàbí tí òun bá tú u, iná a yọ fìrí nínú wáyà kejì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn wáyà méjèèjì kò fara kan ara wọn. Agbára òòfà tí ó ń yí padà nínú òrùka irin náà ni ó ṣe é. Lórí ìmọ̀ yìí ni a gbé gbogbo tiransifọ́mà kà, àti èyí tí ó wà lórí òpó ní ìgboro, àti èyí tí ó wà nínú rédíò.

Ṣùgbọ́n èyí tí a ń sọ yìí yàtọ̀ díẹ̀. Ilé-iṣẹ́ General Radio ní Amẹ́ríkà ni ó sọ ọ́ di ohun ọjà ní àwọn ọdún 1930, tí ó sì pè é ní Variac. Orúkọ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pe gbogbo irú rẹ̀ títí di òní, ilé-iṣẹ́ yòówù kí ó ṣe é. Nínú ọ̀rọ̀ wa, tiransifọ́mà aṣeéyí ni a óò máa pè é, nítorí pé a lè yí iná rẹ̀ sókè, kí a sì yí i sódò. Wáyà kan ṣoṣo ni ó ní, kì í ṣe méjì.

Ẹ fi ojú inú wo òṣùká tí àwọn ìyá wa fi ń ru ẹrù. Bí a bá fi irin ṣe òṣùká náà, tí a wé wáyà bàbà mọ́ ọn lára yípo, tí a sì ha ohun ìbora wáyà náà kúrò ní ojú kan lókè kí bàbà lè hàn, a ti ní ara ẹ̀rọ náà. Èédú kékeré kan, tí àwọn oníná ń pè ní búrọ́ọ̀ṣì, ni ó ń rìn lórí ojú bàbà yìí nígbà tí a bá ń yí ọwọ́ orí ẹ̀rọ. Ibi tí èédú bá dúró sí ni iná ti ń jáde.

Ká ní ìyípo wáyà náà jẹ́ 240, tí a sì fi iná fólítì 240 sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Fólítì kan ni yóò kan ìyípo kọ̀ọ̀kan. Bí èédú bá dúró lórí ìyípo 12, fólítì 12 ni a óò bá níbẹ̀. Bí ó bá dúró lórí ìyípo 120, fólítì 120 ni. Àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà sábà máa ń fi ìyípo díẹ̀ kún un kọjá ibi tí iná ti wọlé. Ìdí nìyí tí ó fi lè fún wa ní fólítì 270 láti inú 240.

Iná tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ nìkan ni ẹ̀rọ yìí lè lò, irú èyí tí ó wà nínú ilé wa, tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá so ó mọ́ bátìrì, òòfà inú irin kò ní máa yí padà, kò ní sí fólítì kan tí a lè yí sókè tàbí sódò bí ó ti yẹ, wáyà yóò sì kàn máa gbóná lásán.

Òdo kì í ṣe àlàáfíà

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le jù lọ, mo sì fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Nínú tiransifọ́mà oníwáyà méjì, wáyà tí iná gbà wọlé àti èyí tí ó gbà jáde kò fara kan ara wọn. Nínú tiransifọ́mà aṣeéyí, wáyà kan náà ni. Ẹni tí ó bá fọwọ́ kan ẹnu ìjáde rẹ̀ ti fọwọ́ kan wáyà tí ó ti orí òpó wá.

Wáyà méjì ni ó ń gbé iná wọ ilé. Ọ̀kan ni wáyà oníná, èkejì ni wáyà ìpadà. Wáyà ìpadà ni a so mọ́ ilẹ̀ ní ìdí òpó. Wáyà oníná ni ó ní fólítì 230 láàárín ara rẹ̀ àti ilẹ̀ tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀. Nínú ẹ̀rọ wa yìí, ọ̀kan nínú wáyà tí ó wọlé ni ó tún jáde tààrà sí ẹnu ìjáde. Bí ó bá jẹ́ wáyà ìpadà ni, ewu náà dín kù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti so púlọ́ọ̀gì náà lódì, tàbí tí ó bá jẹ́ púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí a lè ki bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ní ọ̀nà méjèèjì, wáyà oníná ni yóò jáde tààrà.

Ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Olùkọ́ yí ọwọ́ ẹ̀rọ sí òdo. Ó fi mítà sáàárín wáyà ìjáde méjèèjì, mítà sì ka òdo, kò sì parọ́, nítorí pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ni ó wà ní fólítì 230 sí ilẹ̀. Ọmọ tí ó bá fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú wọn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, iná yóò gbé e. Òdo orí ẹ̀rọ yìí kì í ṣe àlàáfíà.

Nítorí náà, kí a tó ṣe ohunkóhun, púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni kí a fi sí i, kí oníná tí ó mọ iṣẹ́ wò ó pé wáyà kọ̀ọ̀kan wà ní àyè rẹ̀, àti nínú púlọ́ọ̀gì àti nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé-ẹ̀kọ́. Kí a so wáyà ilẹ̀ mọ́ ara irin ẹ̀rọ náà. Kí ohun ìpaná rẹ̀ jẹ́ èyí tí ó ń gé wáyà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan má ṣe lo ẹnu ìjáde rẹ̀ ní tààrà.

Bí a ṣe ń dán an wò

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá fara balẹ̀ tú èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀. Ìdánwò ẹ̀rọ yìí pé mẹ́jọ. Márùn-ún àkọ́kọ́ kò fẹ́ iná ilé rárá; púlọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ wà ní ìta sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ìkíní ni kíkà. Ẹ ka ohun tí a kọ sí àwo irin pẹlẹbẹ ara rẹ̀. Iná orílẹ̀-èdè wa jẹ́ fólítì 230, ní ìgbà 50. Bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, tí a kọ 120 àti 60 sí i lára, kò gbọdọ̀ dé inú sọ́kẹ́ẹ̀tì wa. Nítorí pé iná wa ń lọra ju tiwọn lọ, irin rẹ̀ kò lè gba ju bí fólítì 100 lọ ní ọ̀dọ̀ wa. 230 yóò jó o.

Ìkejì ni wíwò àti gbígbóòórùn. Eruku àti epo tí ó dúdú lórí ojú bàbà kì í ṣe àrùn. Aṣọ tí a tẹ̀ bọ sípíríìtì díẹ̀ yóò nù ún kúrò, kí a sì jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí wáyà bá ti yọ́ mọ́ ara wọn, tí òórùn jíjó sì ń ti inú rẹ̀ jáde, kò sí ìdí láti lọ síwájú.

Ìkẹta ni búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ yí ọwọ́ ẹ̀rọ láti òdo dé òpin; kí ó máa yọ̀ láìfà. Ẹ wò ó bóyá èédú náà ti jẹ tán, àti bóyá sípíríìǹgì rẹ̀ ṣì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ bàbà. Bí a óò bá pààrọ̀ rẹ̀, irú rẹ̀ gan-an ni kí a wá. Bí èédú ti ń rìn, ó máa ń tẹ ìyípo méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí pé iná kò fi bẹ́ẹ̀ rọrùn láti la èédú kọjá, ìyípo méjèèjì kò ní jó. Ẹni tí ó bá fi bàbà dípò èédú ti so ìyípo méjì pọ̀, wọn yóò sì jó.

Ìkẹrin ni mítà tí ń ka óòmù. Láàárín ẹnu àwọlé méjèèjì, óòmù díẹ̀ ni kí mítà kà. Lẹ́yìn náà, kí a gbé mítà sáàárín èédú àti ìbẹ̀rẹ̀ wáyà, kí a máa yí ọwọ́ ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀. Ó yẹ kí nọ́ńbà máa gòkè bọ̀ láìfò. Ibi tí ó bá ti já lójijì ni wáyà ti gé, tàbí ni èédú kò ti kan bàbà.

Ìkarùn-ún ni àyẹ̀wò ohun ìbora wáyà. A ó lo mítà onífólítì 500 tí àwọn oníná fi ń wá ibi tí iná ti ń jò. A ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kan mọ́ wáyà, a ó fi èkejì mọ́ ara irin. Bí ó bá ka mílíọ̀nù óòmù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó dára. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ ọ̀rinrin ìgbà òjò ni. Kí a sá a sí oòrùn fún ọjọ́ mélòó kan, kí a tún un wò. Bí kò bá gòkè, ẹ má ṣe fi iná sí i.

Ìkẹfà ni gílóòbù aṣọ́nà. Gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 100, tí ó ní irun wáyà nínú, ni a nílò, kì í ṣe ti ìgbàlódé tí kì í jẹ iná. A ó so ó sí ojú ọ̀nà wáyà oníná kí iná tó dé ẹ̀rọ, ọwọ́ ẹ̀rọ yóò wà ní òdo, kò sì ní sí nǹkan kan ní ẹnu ìjáde. Gílóòbù yìí kò ní jẹ́ kí iná tí ó kọjá tó ìdajì ámpíà, ohun yòówù kí ó ṣe ẹ̀rọ. Bí ó bá kọ yẹ̀rì lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì kú tàbí tí ó pọ́n díẹ̀, ara ẹ̀rọ le. Bí ó bá tàn rokoṣo tí kò sì dẹ̀, ìyípo kan ti dà pọ̀ mọ́ òmíràn nínú; ẹ yọ púlọ́ọ̀gì.

Ìkeje, a ó yọ gílóòbù aṣọ́nà kúrò, a ó ka fólítì ìjáde ní òdo, ní 50, ní 100, títí dé òpin, a ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà tí ó wà lórí ẹ̀rọ. Ìkẹjọ, a ó fi gílóòbù kan sí ẹnu ìjáde fún wákàtí kan. Kíkùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kò burú. Iná tí ń ta pàrà ní ìdí èédú, òórùn jíjó, tàbí gbígbóná tí ọwọ́ kò lè gbà lẹ́yìn tí a ti yọ púlọ́ọ̀gì, burú.

Ámpíà rẹ̀ kì í pọ̀ sí i

Àṣìṣe kan wà tí àwọn tí ó tilẹ̀ gbọ́n nínú iṣẹ́ iná máa ń ṣe. Wọn a kà á lára ẹ̀rọ pé ámpíà 4 ni, wọn a sì rò pé bí fólítì bá ti dín kù, ámpíà lè pọ̀ sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ámpíà 4 yẹn ni ohun tí èédú àti wáyà lè gbé níbikíbi tí ọwọ́ ẹ̀rọ bá wà. Ní fólítì 240, ó lè gbé wáàtì 960. Ní fólítì 24, wáàtì 96 péré ni.

Fíúsì tí a fi sí ẹnu àwọlé nìkan kò lè gbà wá. Bí ẹnì kan bá fa ámpíà 20 ní fólítì 24, wáàtì 480 ni. Ní ẹnu àwọlé, ámpíà 2 péré ni èyí jẹ́. Fíúsì onímẹ́rin tí ó wà níbẹ̀ kò ní mira, bẹ́ẹ̀ ni èédú ń jó. Nítorí náà, fíúsì kejì gbọ́dọ̀ wà ní ẹnu ìjáde.

Iṣẹ́ tuntun tí ó yẹ ẹ́

Bí ẹ̀rọ bá yege, iṣẹ́ wo ni kí a fún un? Èyí tí ó dára jù fún ilé-ẹ̀kọ́ ni kí a fún un ní ẹnì kejì tí yóò máa gba ewu rẹ̀ sí ara. Ẹ wá tiransifọ́mà kékeré oníwáyà méjì, tí ó ń sọ fólítì 230 di 12, tí ó sì lè gbé ámpíà 2 tàbí 3. Ẹ so ó mọ́ ẹnu ìjáde tiransifọ́mà aṣeéyí, kí ẹ sì ti àwọn méjèèjì pọ̀ mọ́ inú àpótí kan tí ọwọ́ ọmọ kò lè wọ̀. Ẹ kan ìdènà kékeré mọ́ ọwọ́ ìyí kí ó má lè kọjá 230. Nígbà náà, bí a bá yí i dé 115, fólítì 6 ni yóò jáde. Bí a bá yí i dé 230, fólítì 12 ni. Nítorí pé wáyà ìkẹyìn yìí kò kan wáyà òpó mọ́, tí fólítì rẹ̀ sì kéré, akẹ́kọ̀ọ́ lè fọwọ́ kàn án láìséwu.

Ẹ wo iye ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú àpótí yìí. Ẹ so gílóòbù ọkọ̀ oníwáàtì 21 mọ́ ọn. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ka fólítì àti ámpíà ní 2, ní 4, ní 6, títí dé 12, kí wọ́n sì ya á sórí ìwé. Wọn yóò rí i pé ilà náà tẹ̀. Nígbà tí gílóòbù tutù, óòmù rẹ̀ kò pé ọ̀kan. Nígbà tí ó bá tàn tán, ó ti tó bíi 7. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu tí ó lè kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀ pé gbígbóná irin máa ń dí iná lọ́nà. Bí a bá fi dáyóòdù mẹ́rin kún un, iná náà yóò máa lọ sí apá kan ṣoṣo, olùkọ́ kẹ́mísírì yóò sì lè fi bo irin ní bàbà.

Olùkọ́ fúnra rẹ̀ tún lè lo ẹ̀rọ náà láti dín ooru irin tí a fi ń jó òjé kù, tàbí láti jí rédíò àtijọ́ tí ó ti sùn fún ọdún pípẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí kọ́ńdẹ́ńsà inú rẹ̀ má baà bẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe fi fólítì kékeré sí fíríìjì: mọ́tò rẹ̀ yóò kùnà láti yí, yóò sì jó.

Iṣẹ́ kan wà tí ó wu ọ̀pọ̀ ènìyàn láti fún un, tí kò sì yẹ ẹ́ rárá: gbígbé iná ilé sókè nígbà tí kò bá lágbára. Láti ìgbà tí Nẹ́pà ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1972, títí dé ìgbà PHCN ní 2005, àti ilé-iṣẹ́ BEDC tí ó gba pípín iná ní Èkìtì ní 2013, iná tí ó rẹ̀ kì í ṣe àjèjì. Ká ní fólítì 200 ni ó dé, tí a sì yí ẹ̀rọ dé òpin kí ó lè di 225. Bí a bá lọ sùn, tí iná náà sì di 240 lóru, 270 ni yóò wọ inú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán wa. Ẹ̀rọ yìí kì í ronú. Ẹni tí ó yí i ni ó yẹ kí ó dúró tì í.

Bí ìdánwò bá sì fi hàn pé ó ti kú, ẹ má ṣe tíì tà á. Ẹ gé púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kúrò kí ẹnikẹ́ni má baà dán an wò mọ́, ẹ ṣí i sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e sórí tábìlì. Jẹ́ kí ọmọ rí òṣùká irin, kí ó ka ìyípo wáyà, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rin èédú lórí bàbà. Ohun tí Faraday rí ní 1831, òun náà yóò rí i ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Èmùré.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ èsì ìdánwò yín sínú ìwé kan, kí ẹ fi ọjọ́ sí i, kí ẹ sì so ó mọ́ ẹ̀rọ náà. Ẹni tí yóò gba àyè yín lọ́la kò gbọdọ̀ tún máa béèrè bóyá ó kú tàbí ó yè.